Ẹ Yá Wọn Lówó Ìwé, Ṣùgbọ́n Ẹ Kọ́kọ́ Bi Wọ́n Pé Ibo Ni Wọ́n Ń Lọ

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ dá sí. Nínú àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, àwọn àbúrò wa mẹ́ta ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yá owó láti fi ka Executive MBA. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ báńkì, ọ̀kan jẹ́ akáǹtà ní iléeṣẹ́ kan ní Sharada, ẹ̀kẹta jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà. Gbogbo wọn ló ti lé lógójì ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé tó kọjá mọ bó ṣe gbóná tó. Bàbá kan ní owó ọjà ló wà nínú àpò yẹn, kì í ṣe owó ìwé, pé àwọn ìyá aláta tó ń dá ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì lọ́sẹ̀ ò dá a kí ẹnì kan lè máa gbé báàgì kiri yunifásítì ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Àwọn kan náà dìde, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni Yorùbá fi ń yàtọ̀ níbikíbi tí a bá dé, pé ta ló fẹ́ dínà ìwé. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Alága ní ká fi í sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Mo ní ká yá èèyàn lówó ìwé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí gbogbo wa ń bi wọ́n lọ́jọ́ náà, "iléèwé wo lẹ fẹ́ lọ?", ìyẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ bi wọ́n pé iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀, iṣẹ́ wo lẹ sì fẹ́ bọ́ sí? Ẹni tó bá lè dáhùn èkejì yẹn, iléèwé ò ní í ṣòroó yàn fún un. Ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀, kò sí iléèwé tó máa bá a dáhùn, kó tiẹ̀ lọ London.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé yìí jẹ́, nítorí ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ máa nawọ́ dìbò lé e. MBA ni oyè yunifásítì kejì lórí òwò àti bí a ṣe ń darí iléeṣẹ́. Harvard ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1908. Nígbà tó di 1943, Yunifásítì Chicago dá èyí tó ń jẹ́ Executive sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọn ò lè fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ́ ló sábà máa ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó ti MBA. Ẹni tó ń ka Executive ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń lọ kíláàsì ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan láàárín oṣù díẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń béèrè ọdún tí èèyàn ti fi ṣiṣẹ́, àti iye èèyàn tó ń darí.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni ìṣirò owó, bí a ṣe ń tajà, bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ́ ọ ni pé wọ́n á gbé ìtàn iléeṣẹ́ kan kalẹ̀, bóyá èyí tó wọ gbèsè, gbogbo kíláàsì á wá máa fa ọ̀rọ̀ náà: kí ló bà á jẹ́, kí ló yẹ kí ọ̀gá ibẹ̀ ṣe? Nígbà tí akáǹtà wa ṣàlàyé èyí fún mi, ẹ̀rín pa mí. Ohun tí à ń ṣe ní Singa lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn! "Ẹ gbọ́ pé Alhaji lágbájá ti wọko gbèsè, kí ló fà á?" Ṣé ẹ rí i, a ti ń ka Executive látọjọ́ yìí, a ò kàn rí sátífíkéètì gbà ni.

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìjókòó yẹn gan-an ni ìdajì ọjà tí wọ́n ń tà. Ẹni tó jókòó tì ọ́ ní kíláàsì fún ọdún kan àtààbọ̀ tàbí méjì, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀, ló máa gbé fóònù nígbà tí o bá pè é lọ́jọ́ iwájú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yan iléèwé, kó wo àwọn tó máa bá jókòó dáadáa bó ṣe ń wo orúkọ tó wà lẹ́nu géètì.

Ẹ má sì rò pé ìgbéraga ló ń yọ àwọn ọmọ wọ̀nyí lẹ́nu. Ní oṣù kẹta 2024, CBN kéde pé báńkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní ₦500 bílíọ̀nù, èyí tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri Náíjíríà ₦200 bílíọ̀nù, ti ẹkùn kan ₦50 bílíọ̀nù, wọ́n sì fún wọn di ọjọ́ 31, oṣù kẹta 2026. Àwa tí a ti dàgbà rántí ti Soludo láàárín 2004 sí 2005. Báńkì 89 lọ wọlé, 25 ló jáde. Ẹni tó bá wà ní Sabon Gari nígbà náà á rántí àwọn tó fi táì sọ́rùn wá béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ẹnì kan ń wá ọmọ ọjà. Báńkà tó ti pé ọdún mẹ́tàlélógójì, tí kò sùn dáadáa lóru, ó nídìí. Ẹ má bá a fi ṣàríwísí.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lọ sí ibì kan náà, ibẹ̀ ni ìjà ìpàdé wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìwé kan náà ló wà lórí fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Akáǹtà wa ò fẹ́ kúrò nílé iṣẹ́ tó wà. Ó fẹ́ kúrò nídìí ìwé ìṣirò bọ́ sí ipò ọ̀gá tó ń darí gbogbo iléeṣẹ́, àwọn tó wà nípò yẹn ṣáájú rẹ̀ ló sì ní oyè yìí. Ti ẹ̀ yé mi kedere. Kó kàn lọ bá ọ̀gá rẹ̀ kó béèrè ohun méjì: ṣé iléeṣẹ́ máa ka oyè yìí sí bí ààyè bá ṣí, ṣé wọ́n á sì bá a san lára owó rẹ̀? Bí wọ́n bá lè san ìdajì, kí àjọ wa sáré san èyí tó kù. Bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ oyè kankan, á jẹ́ pé ibòmíì ló fẹ́ lọ, kó padà wá sọ ibẹ̀ fún wa.

Ti nọ́ọ̀sì wa ò le. Ó fẹ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù bọ́ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń darí ọsibítù. Oyè wà tó jẹ́ ti ìṣàkóso ìlera gan-an, ìyẹn ló sì máa bá ibi tó ń lọ mu ju èyí tó máa fi sáà kan gbáko kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń polówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kó gba fọ́ọ̀mù yẹn wá, ọwọ́ mi á ga ju ti gbogbo yín lọ.

Ti báńkà ni mo fẹ́ dúró lé. Òun ní òun fẹ́ fi báńkì sílẹ̀ kóun máa ra ẹ̀wà àti ọkà bàbà ní Dawanau, kóun máa kó o lọ sí Èkó, tó bá yá kóun dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe é sínú ọ̀rá sílẹ̀. Ó dáa. Èrò rẹ̀ dáa gan-an. Ṣùgbọ́n kí ni Executive MBA máa ṣe fún un lọ́dún àkọ́kọ́?

Dawanau ní òfin tirẹ̀ tí kò sí nínú ìwé. Alágbàtà wà láàárín ìwọ àti ẹni tó ni ẹrù, àwọn Haúsá ń pè é ní dillali, owó tirẹ̀ sì wà nínú gbogbo àpò tí o bá rà. Bí o bá fẹ́ fo ó kọjá nítorí o ti ṣe ìṣirò pé á dín èrè rẹ kù, ọjọ́ tí ẹrù bá wọ́n, o ò ní rí ẹrù rà. Ẹ̀wà tuntun àti èyí tó ti sùn, ojú àti eyín ló ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á bù ú sọ́wọ́, wọ́n á gé e jẹ, bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, á bu kí ó tó dé Mile 12, kòkòrò ò sì ní dúró de ọ láti rí oníbàárà. Àwìn ibẹ̀, ẹnu lásán ni. Ẹni tí ò gbọ́ Haúsá dáadáa á máa san owó àìgbọ́-èdè lójoojúmọ́ láìmọ̀.

Ẹ tún wo àsìkò. Nígbà ìkórè, láti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, ọjà máa ń wálẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, tí tuntun ò tíì jáde, ó ti gòkè. Owó tí èèyàn fi wọ iléèwé ní oṣù kẹwàá ni owó tí kò ní fi ra ẹrù ní oṣù kẹwàá. Yóò wá máa wo bí ọjà ṣe ń gòkè ní oṣù keje pẹ̀lú ìwé ìdánwò lọ́wọ́. Oníṣòwò wo ni ìyẹn ò ní dùn?

Ohun tí mo máa sọ fún un ni pé kó má fi báńkì sílẹ̀. Kó máa wá sí Dawanau ní gbogbo ọjọ́ Sátidé fún oṣù mẹ́fà. Àwọn ará wa tó lè gbà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, bó bá fẹ́ ìwé, èyí tó kúrú wà fún ẹni tó ni òwò tirẹ̀. Lagos Business School ní èyí tí wọ́n ń pè ní Owner-Manager Programme. Ilé kan náà wà lábẹ́ Pan-Atlantic University, Enterprise Development Centre, tó ń kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké, tó sì ń fún wọn ní sátífíkéètì. Ó kéré sí Executive lówó àti lákòókò, ohun tó sì máa lò lọ́la ló wà níbẹ̀. Bí òwò bá wá dàgbà, tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá, ogún, tí orí ń fọ́ ọ nítorí èèyàn ju nítorí ẹ̀wà lọ, ìgbà yẹn ni kó lọ ka Executive. Á ní ìtàn tirẹ̀ tó máa gbé kalẹ̀ fún kíláàsì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní oníṣòwò tó dúró ní ìwé mẹ́wàá ló ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé. Ẹ fetí sílẹ̀ o. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Èjìgbò mélòó lẹ lè kà ní Sabon Gari tó lókìkí ní ogún ọdún sẹ́yìn tí kò sí mọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ò kú nítorí ọjà ò yá. Bàbá tó ni ín ló kú. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìwé gbèsè wà. Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó bá wọn sunkún níbi òkú, ó sì dákẹ́. Ẹni tó jẹ lówó dé pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Owó oúnjẹ ilé, owó ilé tí wọ́n ń kọ́ sílé, owó ọjà, inú àpò kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àkísà náà ni àwa ń jogún fún àwọn ọmọ. Ohun tí Executive ń kọ́ èèyàn nípa kí òwò yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín, òun gan-an la ò ní. Ìdí tí mo fi fẹ́ ká yá wọn lówó nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iléèwé wá kàn. Fún ẹni tó ń gbé Kánò, Lagos Business School lorúkọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu. Ó ti wà láti 1991, ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ló wà, àwọn àjọ tó ń yẹ irú iléèwé bẹ́ẹ̀ wò lágbàáyé, AMBA àti AACSB, ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ní èyí tí àwọn tó jìnnà lè kà, tí èèyàn á lọ fún ọjọ́ mélòó kan, á padà, á tún lọ. Ọjà gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ pé. Ọkọ̀ òfurufú lọ, ọkọ̀ òfurufú bọ̀, iye ìgbà tí wọ́n bá pè é. Hòtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ iṣẹ́ tó sọnù. Ẹ má sọ fún mi pé á gba orí ilẹ̀, gbogbo wa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà Kaduna sí Àbújá. Àwọn tó máa bá jókòó sì rèé, ọ̀pọ̀ wọn, Èkó ni iṣẹ́ wọn wà. Ẹni tó ń múra àtipadà sílé, tó fẹ́ fi Èkó ṣe ibùjókòó, èyí dára fún un ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣe é ní Kánò ńkọ́?

Bayero University wà níbí pẹ̀lú Dangote Business School. Ẹni tí èèyàn máa bá pàdé níbẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba Kánò, ọ̀gá iléeṣẹ́ ní Bompai, ọmọ Alhaji tí bàbá rẹ̀ ní ilé ẹrù mẹ́rin. Nínú àwa tí a ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé ìlú yìí, mélòó ló ní irú wọn lọ́rẹ̀ẹ́ tó lè bá jẹun? Mo máa ń rò ó pé àwọn ọmọ wa ń fo ibẹ̀ kọjá nítorí pé ó sún mọ́ ilé jù. Ahmadu Bello ní Zaria, tó ti wà láti 1962, ní MBA tí èèyàn lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú ilé rẹ̀, yóò kàn lọ ṣe ìdánwò ni. Ìyẹn bá akáǹtà wa mu, nítorí òpin oṣù tí ò ní jẹ́ kó mira. National Open University náà wà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í ní 1984, Ọbásanjọ́ tún ṣí i ní 2002, òun fúnra rẹ̀ sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 2018 nígbà tó ti pé ọgọ́rin ọdún. Owó rẹ̀ ò ga. Ṣùgbọ́n èèyàn dá kà á ni ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó jẹ́ pé èèyàn ló ń wá, ìdajì ọjà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èyí tí mo kà yìí ló ní orúkọ Executive lára, kó má da ẹnikẹ́ni láàmú. Owó wọn ń yí lọ́dọọdún, kí oníkálukú lọ gba ìwé iye owó ti ọdún yìí lọ́wọ́ iléèwé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní HND kó tètè béèrè, torí ọ̀pọ̀ yunifásítì á ní kó kọ́kọ́ lọ ṣe PGD, ọdún kan míì nìyẹn kúrò nínú ìṣirò.

Ti òkè òkun, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan ò tíì tó ₦500 ní báńkì. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ti buwọ́ lu owó iléèwé ní dọ́là, tó sì ń san án díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù náírà, ẹ fojú inú wo ọ̀fọ̀ rẹ̀. Àjọ wa ò gbọdọ̀ ṣe onídùúró fún irú ẹ̀.

Àti ti Cotonou. Ní òpin 2023, oníròyìn Daily Nigerian kan tú àṣírí bí òun ṣe fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gba oyè yunifásítì níbẹ̀, tí òun tún fi ìwé ẹ̀rí ọ̀hún wọ NYSC. Ní oṣù kìíní 2024 ìjọba Náíjíríà dá ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Ó dùn mí fún àwọn tó lọ kàwé gidi níbẹ̀, wọ́n wà, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé fọ́ọ̀mù wá tó ní oṣù mẹ́ta lòun fẹ́ fi gba Executive MBA, láì lọ kíláàsì, láì ṣèdánwò, ẹ fún un lómi tútù kó mu, kó máa lọ. Àwọn NUC ní orúkọ gbogbo yunifásítì tí wọ́n fọwọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akọ̀wé wa lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ìpàdé tó parí.

Ohun tí mo máa gbé wá sí ìpàdé rèé. Kí oníkálukú mú ojú ìwé kan wá, kó kọ ibi tó ń kúrò, ibi tó ń lọ, àti orúkọ èèyàn méjì tó ti wà níbi tó ń lọ tí òun ti bá sọ̀rọ̀. Kí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ buwọ́ lù ú, nítorí inú ilé ni owó yìí ti máa kọ́kọ́ dín. Kí a san owó náà ní sáà sáà sínú àkáǹtì iléèwé, kó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó parí, kí ẹ̀yáwó rẹ̀ dúró níbẹ̀. Kí ẹni tó bá sì parí fún wa ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù fún ọdún kan, kó fi Yorùbá kọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù wa bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó sílẹ̀, gbèsè tí wọ́n jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ wọ́n. Àwọn ìyá aláta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, owó wọn la fi kàwé náà.

Mo ti yan tèmi: akáǹtà, bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni, tó bá ti pààrọ̀ fọ́ọ̀mù. Báńkà, kó kọ́kọ́ bá mi dé Dawanau ní Sátidé yìí, aago méje àárọ̀ ni mo máa ń kúrò nílé.